Iná Ẹ̀yìn Morádéún

Ẹ bi àwọn tó gbé Ajégúnlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1972 pé ta ni obìnrin tó kọ́kọ́ fi kámẹ́rà kọ́rùn ládùúgbò yẹn. Wọ́n á ní Morádéún ni, wọ́n á sì fi ẹ̀rín sí i. Ẹ̀rín yẹn ń bí mi nínú títí dòní. Obìnrin á ta ẹja, á ru yanrìn fún bíríkìlà, á gbọ́mọ pọ̀n, á tún ru ẹrù, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kó di ojú kan, kó fi ojú kejì wo inú kámẹ́rà, ayé á ní kí ló gbé e débẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé nílé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road, ló fi kámẹ́rà àlòkù kan sílẹ̀ nígbà tó papò dà. Àwọn ẹ̀gbọ́n Morádéún ọkùnrin pín aṣọ, wọ́n pín bàtà, wọ́n pín rédíò. Wọ́n ní kó gbé pálapàla yẹn. Ó gbé e. Ó ba fíìmù jẹ́, ó sunkún, ó tún ra òmíràn, ó tún bà á jẹ́. Nígbà tó yá, ó ń rí fọ́tò mú jáde. Nígbà tó tún yá, fọ́tò rẹ̀ ń dùn ún wò.

Ẹnu géètì ibùdó ọkọ̀ òkun l'Ápápá ló ti bẹ̀rẹ̀, tó ń ya àwọn atukọ̀ tó fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ sílé. Ọ̀kan nínú wọn, òyìnbó kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ débi pé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wọn fẹ́ ṣí, ó kó fìlàáṣì méjì fún un, pẹ̀lú ohun kékeré kan tí kò ju ẹyọ àgbàdo méjì lọ, tó ní ojú bíi ti aláǹgbá. Ó ní kó gbé iná kan sórí kámẹ́rà, kó gbé ìkejì jìnnà, kó fi ojú kékeré yẹn sí i lábẹ́. Kò sí wáyà láàárín wọn. Bí ti iwájú bá ti bù yẹ̀rì, ojú kékeré yẹn á rí i, á sì tan ti ẹ̀yìn. Kéèyàn tó ṣẹ́jú, méjèèjì ti tàn, wọ́n ti kú.

Morádéún gbé e lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin. Ó dán an wò lára Ejiro, aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ó gbé iná kejì sẹ́yìn Ejiro, kó má bàa hàn nínú fọ́tò, ó sì yà á. Nígbà tí fọ́tò jáde, gbogbo etí irun Ejiro ń tàn yinrin, èjìká rẹ̀ ń dán bí ẹni pé oṣù lé lẹ́yìn rẹ̀.

Ejiro pariwo, “Morádé! You don put moon for my back! Ta ni arẹwà yìí? Èmi náà ni?”

“Ìwọ ni. Ojú rẹ ṣì wú díẹ̀, àmọ́ ìwọ ni.”

“Your papa face wú!”

Láti ọjọ́ yẹn làwọn èèyàn ti ń pe irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní fọ́tò adé, torí ìmọ́lẹ̀ tó yí orí ká bí adé. Wọ́n ń wá láti Ápápá wá sí Ajégúnlẹ̀ nítorí rẹ̀. Wọ́n sọ Morádéún lórúkọ: Àǹtí Fọ́tò.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Benson dé.

Benson ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Liverpool Road. Ará Ijaw ni, àmọ́ Ajégúnlẹ̀ ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ọ̀gbẹ́ni tó mọṣẹ́ ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Òun ni fọtógíráfà ìjọ kan l'Ápápá láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nígbà tí Ìkórè àwọn ọmọdé ń bọ̀, Morádéún, tóun náà jẹ́ ọmọ ìjọ, lọ bá ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun náà yà nínú rẹ̀. Ó kó fọ́tò adé lọ́wọ́ lọ. Wọ́n ń gbé e wò láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó ń dùn mọ́ wọn, títí ó fi dé ọwọ́ Benson, tóun náà jókòó síbẹ̀.

Benson gbé e wò. Ó gbé e padà sórí tábìlì. Ó ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ o, madam, tá a kàn ń ṣí wò. Ẹ padà sídìí ààrò. Ọkọ á wá bá yín níbẹ̀.”

Gbogbo ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn ún jù. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún Benson. Morádéún kó fọ́tò rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì, ẹ̀rín wọn ò tíì tán nígbà tó jáde. Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó ń bá a jẹun, ó ń bá a sùn.

Lọ́jọ́ Ìkórè, Ifeyinwa, ìyàwó ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ òkun, ránṣẹ́ pe Morádéún pé kó wá ya ìdílé tòun lọ́tọ̀. Ó ní, “Benson na church photographer, I no quarrel. But me, I want my crown.” Bẹ́ẹ̀ ni Morádéún ṣe bá ara rẹ̀ nínú gbọ̀ngán ìjọ lọ́jọ́ náà.

Aṣọ búlúù kan ni wọ́n ta sára ògiri, àga gbọọrọ kan wà níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ìdílé ti ń jókòó. Morádéún gbé iná ẹ̀yìn rẹ̀ sórí irin gíga kan, ní etí aṣọ náà, lẹ́yìn àga. Ó mọ ibi tí òun máa dúró sí tí orí àwọn èèyàn á fi bò ó. Ó ya Ifeyinwa àti ìdílé rẹ̀, ó parí. Ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń mu omi kó tó lọ kó iná rẹ̀.

Benson wá dúró láti ya ìdílé tó kàn. Kámẹ́rà tiẹ̀ jẹ́ irú èyí tó dà bí àpótí, tí wọ́n máa ń gbé sí àyà, tí wọ́n á tẹríba wò ó láti òkè. Ó tẹríba. Ó tẹ̀ ẹ́. Fìlàáṣì rẹ̀ bù yẹ̀rì.

Iná Morádéún náà bù yẹ̀rì.

Ife omi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tẹ nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Benson tún tẹ̀ ẹ́, iná ẹ̀yìn tún tàn. Nígbà náà ló tó yé e. Gbogbo ibi tó ti ń lo ojú kékeré yẹn, òun nìkan ló ń ní fìlàáṣì níbẹ̀. Ó ti wá gbà pé ohun náà mọ òun, bí ajá ṣe mọ olówó rẹ̀. Ojú kékeré ò mọ ẹnì kankan. Ẹni tó bá ti tan iná ni ọ̀gá rẹ̀.

Ó tún mọ ohun kan sí i. Ibi tí Benson dúró sí, ẹ̀gbẹ́ ni. Orí àwọn èèyàn ò bo iná náà níbẹ̀. Ó ń ta sí kámẹ́rà Benson lójú bí oòrùn òwúrọ̀ ṣe ń ta sí awakọ̀ lójú. Bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe ba fíìmù jẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n lò. Gbogbo fọ́tò tí Benson ń yà yẹn, funfun ló máa bá níbẹ̀. Benson ò sì rí i, torí ó tẹríba. Àwọn èèyàn rò pé òun náà ti ra iná ẹ̀yìn ni. Ìyá kan tiẹ̀ ń sọ pé, “Benson náà ti dé ọ̀hún báyìí.”

Morádéún gbé ife sílẹ̀. Ó rìn lọ sídìí iná náà láti pa á. Ọlọ́run jẹ́rìí, ó fẹ́ pa á. Ìka rẹ̀ ti wà lórí súwíìṣì.

Benson gbójú sókè. “Madam! Comot for there! Ẹ lọ bá wọn gé kéèkì. Ọkùnrin ń ṣiṣẹ́!”

Ẹni kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Ó gbé ìka kúrò lórí súwíìṣì. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, èmi gan-an á gbèjà rẹ̀, n óò ní ìbínú ni. Kò dúró síbẹ̀. Ó na ọwọ́, ó ti orí iná náà díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tún fìlà ọmọ ṣe, títí ẹnu rẹ̀ fi dojú kọ Benson gbọọrọ.

Ó ní, “Ẹ máa báṣẹ́ lọ, Bọ̀dá Benson.”

Àwọn tó kàn tó jókòó ni Dinah àti àwọn ìbejì rẹ̀. Dinah ń gbé Ajégúnlẹ̀, ó ń ta bẹ́líìtì àti bọ́tìnnì, Ejiro ni oníbàárà rẹ̀. Táyé ni obìnrin, Kẹ́hìndé ni ọkùnrin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa ni. Táyé wọ gáùn funfun, Kẹ́hìndé wọ kóòtù dúdú kékeré pẹ̀lú táì bíi labalábá, ó ṣe bí ọ̀gá báńkì. Benson tẹ̀ ẹ́. Kẹ́hìndé ta kìjí.

“Mọ́mì! Iná! Iná wà lẹ́yìn!”

“Wo iwájú, jàre,” ni Dinah wí.

Benson tún tẹ̀ ẹ́, ọmọ náà sì yí ọrùn, ó nà gàgà, ó ń wo iná náà, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Nínú gbogbo gbọ̀ngán yẹn, òun nìkan ló ń wò ó. Òun nìkan àti Morádéún.

Nígbà tí Benson fọ àwọn fọ́tò náà, ọ̀rọ̀ burú. Gbogbo ìdílé ló dà bí ẹni tó dúró nínú kurukuru. Ó ya Ajégúnlẹ̀ lẹ́nu. Àwọn kan ní kámẹ́rà rẹ̀ ti gbó. Àwọn kan ní ọwọ́ rẹ̀ ti já. Àwọn tó fẹ́ràn àṣejù ní wọ́n ti fi nǹkan sí i lójú. Ìjọ gbé iṣẹ́ Kérésìmesì fún Morádéún. Àwọn ìgbìmọ̀ tó rẹ́rìn-ín, àwọn kan náà ló ń kí i ní “Àǹtí wa.” Ó ń gbádùn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Fún ìgbà díẹ̀, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu bí adùn ìrèké. Ó ń kọjá ní Liverpool Road nígbà tí kò tilẹ̀ ní ibi tó ń lọ, kó ṣáà lè rí ẹnu ọ̀nà Benson tó dá wáí.

Benson ti bẹ Dinah pé kó kó àwọn ọmọ wá, òun á tún wọn yà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n tó lọ, ibà mú Kẹ́hìndé. Wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù, wọ́n gbé e bọ̀.

A kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń ní ó rìnrìn àjò. Kẹ́hìndé rìnrìn àjò.

Ẹnu Ejiro ni Morádéún ti gbọ́. Ejiro ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ nígbà tó sọ ọ́, kò sì ní ẹ̀rín kankan lẹ́nu. Morádéún ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Morádéún dìde, ó wọ yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò lọ, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì fọ nǹkan kan.

Kò pẹ́ tí Dinah fúnra rẹ̀ dé. Ó di Táyé lọ́wọ́ mú, ó sì gbé àpò kan dání. Gbogbo Yorùbá tó ti bí ìbejì mọ ohun tó bá wá. Bí ọ̀kan bá rìnrìn àjò tí kò fi àwòrán sílẹ̀, èyí tó kù ni wọ́n ń yà lẹ́ẹ̀mejì. Fọtógíráfà á wá tẹ méjèèjì sórí pépà kan, á dà bí ẹni pé wọ́n jókòó ti ara wọn. Bí èyí tó lọ bá jẹ́ ọkùnrin, èyí tó kù á wọ aṣọ ọkùnrin. Morádéún ti ṣe é fún àwọn èèyàn rí. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ẹ ò ní rí ibi tó ti so wọ́n pọ̀.

“Àǹtí Fọ́tò, ẹ kú iṣẹ́,” ni Dinah wí. “Ẹ bá mi ya Táyé, kí ẹ tún bá mi yà á bíi Kẹ́hìndé. N ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Èyí tí Benson yà, afẹ́fẹ́ ni. Ọlọ́run ló máa dá Benson lẹ́jọ́ fún mi.”

Morádéún gbé àga fún un. Ó ní, “Ẹ jókòó, Ìyá Ìbejì.”

Ó ya Táyé nínú gáùn funfun. Ìyẹn ò le. Dinah wá tú àpò, ó yọ kóòtù dúdú kékeré náà jáde, àti táì náà. Ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Ọwọ́ kóòtù gùn jù fún un díẹ̀. Táyé wo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ó ní, “Ti Kẹ́hìndé ni.”

“Tirẹ̀ ni. Bá a wọ̀ ọ́.”

“Á bínú o.”

“Kò ní bínú. Jókòó, ọkọ mi.”

Táyé jókòó. Morádéún fi ojú sí kámẹ́rà. Kó tó tẹ̀ ẹ́, ọmọ náà yí ọrùn, pẹ̀lú kóòtù yẹn lọ́rùn, ó ń wá iná lẹ́yìn ara rẹ̀. “Mọ́mì, Kẹ́hìndé ní iná wà lẹ́yìn.”

Morádéún ò tẹ̀ ẹ́. Ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

“Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. N ò ní ya èyí. Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo fẹ́ lọ wá Kẹ́hìndé gan-an fún yín.”

Dinah wò ó bí ẹni tórí rẹ̀ dàrú. Ó bọ́ kóòtù lára ọmọ, ó ká a, ó lọ.

Morádéún ti mọ̀ pé ohun tó funfun lórí fọ́tò, dúdú ló jẹ́ lórí nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ń tẹ fọ́tò látinú rẹ̀. Ohun tó dúdú kì í ṣe òfìfo. Bí èèyàn bá mú sùúrù fún un, tó jẹ́ kí iná rọ́nà gba inú rẹ̀ pẹ́, nǹkan lè jáde. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Benson ni nẹ́gátíìfù wà. Kò sì sí ọ̀nà tó fi lè béèrè rẹ̀ láìsọ bóun ṣe mọ ohun tó bà á jẹ́. Ó tún ronú pé òun lè parọ́ pé Dinah ló rán òun. Ó ti to irọ́ náà jọ lẹ́nu dé ẹnu ọ̀nà Benson, ó sì gbàgbé gbogbo rẹ̀ nígbà tó wọlé.

Benson jókòó nídìí fèrèsé, ó fi ọwọ́ kan bo ojú kan, ó ń ka àkọlé tó wà lára ilé òdìkejì. Ó yí i padà, ó bo ojú kejì.

“Bọ̀dá Benson, ẹ kú ìjókòó.”

“Àǹtí wa! Èwo ló kù? Ṣé ẹ wá gba àga náà ni?”

“Kí lẹ̀ ń ṣe lójú yín?”

“Mò ń wò ó bóyá ó ṣì wà. Bàbá mi fọ́jú kó tó kú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọ́n ní funfun ló ń rí. Àwọn dókítà ní ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í parọ́. Funfun ni gbogbo ẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jinlẹ̀. “Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé n óò ta kámẹ́rà. Fọtógíráfà afọ́jú, wetin e go snap?”

Morádéún kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì níbẹ̀.

“Ojú yín ò fọ́. Iná mi ni. Ó ń tàn bí tiyín bá ti tàn. Mo rí i. Mo fẹ́ pa á, ẹ bú mi, mi ò pa á mọ́.” Ó fi kún un. “Mo tún yí i kọjú sí yín.”

Benson wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ilé òdìkejì, ó tún ka àkọlé náà, láìbo ojú kankan. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá lójú títì, gbogbo gíláàsì ṣọ́ọ̀bù gbọ̀n.

“So my eye dey okay?”

“Ó wà dáadáa, Bọ̀dá.”

“Mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Ṣé o mọ̀? Inú ilé mi. Mo di ojú, mò ń táràrà. Àwọn ọmọ mi ń wò mí.” Ó dìde, ohùn rẹ̀ náà dìde. “Morádéún! Ìwọ̀sí ni mo fi lọ̀ ọ́. Ojú mi lo fi gbẹ̀san!”

“Òótọ́ ni.”

“Dìde nílẹ̀. Má kúnlẹ̀ fún mi, n ò tíì dárí jì ọ́.”

Ó dìde. Ó wá sọ ti Dinah fún un, ó sọ ti kóòtù dúdú, ó sọ ohun tí Táyé wí. Ibẹ̀ ni ara Benson ti rọ̀, kì í ṣe nítorí tirẹ̀ o. Ó wọ inú, ó gbé agolo mílíìkì kan jáde tó kó àwọn nẹ́gátíìfù náà sí. Ó ti fẹ́ jó wọn níná.

Ó ní, “Inú dáàkùrúùmù mi la ti máa ṣe é. Èmi á wà níbẹ̀. Mi ò lè fi wọ́n lé ìwọ nìkan lọ́wọ́.”

Èkíní, tí Kẹ́hìndé ti kọjú síwájú, kò ṣeé ṣe. Iná ti jẹ ojú rẹ̀ tán pátápátá. Ìkejì ni orí ọmọ náà ti bo ẹnu iná díẹ̀ nígbà tó yíjú sí i. Benson di pépà mú. Morádéún gé ihò kékeré sára páálí kan, ó ń mì í lábẹ́ iná tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba orí ọmọ náà nìkan, kó pẹ́ níbẹ̀, kó pẹ́. Wọ́n ba pépà jẹ́, wọ́n tún mú òmíràn. Benson ò bá a sọ̀rọ̀ àfi “Gbé e sókè,” àfi “Ó tó.” Nínú omi tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò, Táyé ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni etí kan jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, eyín wàrà kéékèèké tó ń rẹ́rìn-ín.

Benson fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Na him be that.”

Òun àti Morádéún ni wọ́n jọ gbé e lọ fún Dinah. Ẹnu ọ̀nà ni Morádéún ti sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, kò dín in, kò sì mẹ́nu ba ìkòkò ọbẹ̀. Benson ló mẹ́nu bà á. Ó ní, “Èmi ni mo kọ́kọ́ bú u, Ìyá Ìbejì.” Dinah ò dà bí ẹni tó gbọ́ ìyẹn. Ó ti gba fọ́tò náà. Ó fi ìka kan tọ etí yẹn, ó tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò jẹ́ kí ìka kan pépà.

“Kò wo ojú mi,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ẹ wò ó. Iná yín ló ń wò.”

Dinah wọlé, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́.

Benson padà sẹ́nu iṣẹ́. Morádéún fúnra rẹ̀ ló dìde nípàdé ìgbìmọ̀, tó sọ ohun tó ṣe. Wọ́n gba iṣẹ́ ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí gba ẹ̀rín ọjọ́sí lọ́wọ́ ara rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀sán ganrínganrín, Dinah dé ṣọ́ọ̀bù Morádéún láìròtẹ́lẹ̀. Ó mú Táyé dání, gáùn tuntun ló wọ̀, kò sí àpò kankan.

“Ẹ ya òun nìkan,” ni Dinah wí. Kò kí i. “Òun, nínú aṣọ ara rẹ̀. Ẹ má tan iná ẹ̀yìn yẹn fún ọmọ mi.”

Morádéún gbé àga jáde sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé. Ejiro dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Táyé jókòó, ó yí ọrùn, ó wẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ògiri. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Morádéún ò yọ ọ́ lẹ́nu, kò ní kó wo iwájú. Ó dúró títí ọmọ náà fi yíjú padà fúnra rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.